Bí mo ṣe gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́ja l'Ẹ̀pẹ́ fún ìgbìmọ̀ CEDAW

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n gbọ́ tẹnu àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ tó ti rí màbo níbi ìbímọ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ CEDAW. CEDAW ni àdéhùn àgbáyé tó ní kí wọ́n fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n ń ṣe sí obìnrin; ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló ń ṣọ́ bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1979 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe é, Nàìjíríà sì gbà láti máa tẹ̀ lé e ní 1985. Ìjọba a máa kọ ìròyìn tirẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ọ̀bùn? Ìyẹn ni àwọn ẹgbẹ́ aráàlú náà fi ń kọ tiwọn.

Ọjà ẹja ní Olúwo ni mo lọ. Ẹni tó bá gbé fáìlì dání wọbẹ̀, agbowó-orí ni wọ́n máa pè é. Mo ra ẹja, mo kí wọn kú ọjà, mo jókòó. Mo sọ fún wọn ṣáájú pé kò sówó níbẹ̀, pé ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe kóòtù: yóò bi ìjọba léèrè, yóò sì kọ ohun tó yẹ kó ṣe síta. Lẹ́yìn náà ni mo wá ní, “Níbo lẹ bí àbíkẹ́yìn yín sí?” Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́.

Ìyàwó kan tó ń họ ìpẹ́ ẹja kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí òun ní ilé ìwòsàn kan, owó tí ọkọ òun mú wá kò pé, ni wọ́n bá ní òun ò lọ ilé. Wọ́n gbé ẹlòmíì sórí bẹ́ẹ̀dì òun, òun àti ọmọ tuntun bọ́ sórí bẹ́ńṣì. “Ọlọ́run ló kó mi yọ, àǹtí.”

Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ ò ní rí nǹkan fi ṣe. Mo rọra bi í: ta ló ní kó má lọ? Ṣé wọ́n fún un níwèé? Ṣé ó fẹjọ́ sùn, kí ni wọ́n sì ṣe sí i? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló wúwo jù lójú tèmi, torí ìjọba ni àdéhùn mú, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ti ilé ìwòsàn aládàáni pàápàá wà lọ́rùn ìjọba: ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ fún Bràsíìlì nìyẹn ní 2011, lórí Alyne da Silva Pimentel, aboyún tó kú ní 2002.

Nílé, mo to ọ̀rọ̀ wọn. Ti ìtọ́jú aboyún bọ́ sábẹ́ abala 12 àdéhùn náà. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ mú ọkọ wá kí wọ́n tó lè gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí bọ́ sábẹ́ abala 16, níbi tí obìnrin ti ní ẹ̀tọ́ bíi ti ọkùnrin láti pinnu iye ọmọ àti àlàfo àárín wọn. (Ẹ sì wò ó, mi ò tíì rí ọkùnrin tí wọ́n ní kó lọ mú ìyàwó wá kó tó ra rọ́bà.)

Mo yọ orúkọ gbogbo wọn. Màmá àgbà kan bínú: “Kọ orúkọ mi gàdàgbà! Ìwọ ni ẹ̀rù ń bà.” Mo rán wọn létí pé ibi tí wọ́n ti fìyà jẹ wọ́n náà ni ọmọ wọn tó lóyún ti ń gba ìtọ́jú báyìí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó dáa, kí n kọ Ìyá Ẹlẹ́ja. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjà yẹn, ta ni kì í ṣe Ìyá Ẹlẹ́ja?