Lẹ́tà D Kan Ló Mú Mi San Owó Ilé Oṣù Kan Sí I ní Àjàṣẹ́

Owó ilé oṣù kan gbáko ni mo san lórí lẹ́tà kan ṣoṣo. Nínú páṣípọ́ọ̀tù mi, Ajayi ni wọ́n kọ. Nínú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí ilé-ìwé fún mi nígbà tí ọdún parí, Adjayi ni. Ẹni tó bá ti gbé Àjàṣẹ́ rí, ìyẹn Porto-Novo nílẹ̀ Benin, mọ ibi tí D yẹn ti wá: J àwọn Faransé kò dún bíi tiwa, Dj ni wọ́n fi ń kọ ọ́ nílẹ̀ Benin, bí wọ́n ṣe ń fi Ch kọ Ṣ, tí wọ́n sì ń fi Ou kọ U. Lójú akọ̀wé ilé-ìwé, ńṣe ló bá mi tún orúkọ mi ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gba ìwé yẹn lọ́wọ́ mi níbòmíràn kò mọ Àjàṣẹ́. Orúkọ méjì ló máa rí, èèyàn méjì ló sì máa kà á sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Nàìjíríà bọ̀ wá fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń wá iṣẹ́ náà, bí a ṣe ń wá ilé, ẹnu àwọn tó ti ṣe é kún fún un. Bí a ṣe ń jáde ni ẹnikẹ́ni kì í sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń jò.

Ti kíláàsì kò ní pẹ́. Ọdún méjì ni jẹ́lé-ó-sinmi nílẹ̀ Benin, lẹ́yìn náà ni ọmọ á bọ́ sí CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí olùkọ́ CI fẹ́ rí ni fáìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bíi mẹ́rin sí márùn-ún, àti ìwé pélébé kan tó sọ ohun tó ti mọ̀, ohun tó ń mọ̀ bọ̀, àti ohun tí kò tíì mọ̀. Àkókò ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Tí ìmúra àjọ̀dún ìparí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀, orin àti ijó ni láti àárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ti jó nínú oòrùn kò ní dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni, á kàn máa wò yín ni. Ẹ parí àyẹ̀wò kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń mú ọmọ mẹ́rin lóòjọ́, kíláàsì ọlọ́gbọ̀n ọmọ á parí láàárín ọjọ́ mẹ́jọ.

Ìdérí ìgò ni kí ẹ fi ṣe ti ìṣirò, ẹ má lo bébà. Ẹ da mẹ́wàá sórí ẹní, ẹ ní kí ọmọ fún yín ní méje. Ọmọ tó ń ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta bí ẹni kọrin lè má mọ bí méje ṣe pọ̀ tó. Èyí tó kó méje lé yín lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí wọ́n ń sọ Ègùn sí nílé lè mọ nǹkan náà dáadáa kí Gẹ̀ẹ́sì yín má yé e rárá. Ẹ bèèrè ní Faransé, ẹ bèèrè ní Yorùbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ mìíràn bá yín fi Ègùn bèèrè, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ fọ́nnu, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún ilé-ìwé fi máa parí, kíláàsì mi ń ka nǹkan dé ogún ní èdè mẹ́ta, àwọn kan sì fi Ègùn ṣe ẹ̀kẹrin.

Ìyẹn kò sí nínú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún mi o. "Enseignant", ìyẹn olùkọ́, ni wọ́n kọ, ó tán.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwé ọ̀hún. Oríṣi méjì ló wà tó jọra: attestation de travail àti certificat de travail. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ attestation fún. Ohun tó ń sọ ni pé lágbájá ń bá wa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ báyìí títí di òní. Certificat ni ti ẹni tó ti kúrò, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde àti irú iṣẹ́ tó ṣe gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Benin ti ọdún 1998 ló pọn ọ́n ní dandan fún agbanisíṣẹ́ kó fún òṣìṣẹ́ tó ń lọ ní certificat, nítorí náà ẹ má tọrọ rẹ̀ bí ẹni tọrọ báárà. Àmọ́ attestation ló ti wà lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé, òun ló máa ń tẹ̀ jáde fún àwọn tó fẹ́ yáwó ní báǹkì, òun náà ló sì máa tẹ̀ fún yín bí ẹ kò bá dárúkọ èkejì. Ilé-ìwé tí ẹ bá fẹ́ lọ lẹ́yìn èyí á wò ó, á ní: ṣé ẹ ò tíì kúrò níbẹ̀ ni?

Kí ẹ tó fi ìwé náà sápò, ẹ dúró níwájú tábìlì akọ̀wé kí ẹ kà á. Orúkọ gbọ́dọ̀ bá ti páṣípọ́ọ̀tù mu ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí kan orúkọ àárín tí wọ́n fẹ́ràn láti gé dànù. Kí nọ́ńbà páṣípọ́ọ̀tù wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pé jẹ́lé-ó-sinmi ni ẹ kọ́, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ, nítorí olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké àti olùkọ́ CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ lójú àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Kí orúkọ àti ipò ẹni tó buwọ́ lù ú hàn ketekete, kí òǹtẹ̀ sì gun orí ìbuwọ́lù náà díẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù tó wà lórí bébà ilé-ìwé pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà Benin ti di oníka mẹ́wàá, 01 ló sì ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Ilé-ìwé tó ṣì ń lo bébà àtijọ́, oníka mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá pè é láti wádìí yín kò ní rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, á sì rò pé ẹ̀yin lẹ parọ́.

Bí àṣìṣe bá ti wọ ìwé náà, ìgbà yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé á kọ́kọ́ sọ pé kò sí nǹkan tó le ńbẹ̀, á fi bíìrò fa D náà ní ìlà, á lù ú lóǹtẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má gbà á! Ìwé tí wọ́n fi bíìrò tún ṣe, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín lókè òkun, kódà òṣìṣẹ́ mairie, iléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tó ń lu fọtokọ́pì lóǹtẹ̀ lè kọ̀ ọ́. Títẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀. Títẹ̀ kò sì le, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ìbuwọ́lù ló ń pẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni, ọ̀gá ilé-ìwé lè buwọ́ lu ìwé àbájáde àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ìwé tó bá kan iṣẹ́ àti owó, ẹni tó ni ilé-ìwé, tí wọ́n ń pè ní promoteur, ló ń buwọ́ lù ú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni òǹtẹ̀ ń gbé. Tí àjọ̀dún bá ti parí, promoteur á rìnrìn àjò. "Ó máa dé lọ́la" ni ẹ óò máa gbọ́ títí oṣù á fi kú mọ́ yín lórí. Onílé kì í ka ọjọ́, oṣù ló ń kà. Ibẹ̀ ni owó mi bá lọ.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé certificat nìkan kọ́ ni D náà wọ̀. Inú kọ́ńtírà ló ti bẹ̀rẹ̀, láti ibẹ̀ ló gba inú ìwé owó oṣù, ó sì dé CNSS, àjọ ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ 3.6% fún nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, ìyẹn 3,600 nínú 100,000 sẹ́fà. Tí ẹ bá tún certificat nìkan ṣe, á wá di pé certificat sọ Ajayi, ìwé owó oṣù mẹ́wàá sọ Adjayi, ìyẹn sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn rẹ̀ ni lẹ́tà kan lórí bébà ilé-ìwé, tó sọ pé Adjayi tó wà nínú àwọn ìwé owó oṣù wọn láti oṣù báyìí dé oṣù báyìí ni Ajayi tó ni páṣípọ́ọ̀tù nọ́ńbà báyìí. Ìlà mẹ́ta tó. Ẹ so ó mọ́ certificat, ẹ má yà wọ́n. Ìwé ìbúra kóòtù tí a máa ń ṣe ní Nàìjíríà lè wúlò nílé, ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó kọ orúkọ náà ló yẹ kó sọ pé òun ló kọ ọ́.

Ẹ tún lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé pátápátá, bẹ́ẹ̀ sì ni màá ṣe bí mo bá tún padà lọ. Ẹ fúnra yín tẹ certificat náà ní Faransé, ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbé méjèèjì lọ fún un lórí fíláàṣì. Ilé-ìwé elédè méjì ni, kò sídìí tí wọn ò fi ní buwọ́ lu ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó sì bọ́ lọ́wọ́ owó ògbufọ̀. Ẹ ṣe é nínú oṣù karùn-ún, nígbà tí promoteur ṣì ń wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ tí kọ́ńtírà máa parí síbẹ̀ bí ọjọ́ ìjáde. Bí wọ́n bá ní ó ti yá jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n fi í pa mọ́, ìbuwọ́lù ló máa ṣẹ́kù. Ẹ bèèrè ojúlówó mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìwé náà jìnnà sí Áfíríkà máa ní láti gbé ojúlówó kan lọ sí Kútọnu, nǹkan bí 30 kìlómítà sí Àjàṣẹ́, kí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lù ú lóǹtẹ̀.

Wọ́n á gbé ìwé kan tó ń jẹ́ solde de tout compte wá pẹ̀lú owó tó kẹ́yìn. Ẹ ka owó kí ẹ tó buwọ́ lù ú, torí ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín. Owó ìsinmi ni wọ́n máa ń gbàgbé sí i. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì fún oṣù kọ̀ọ̀kan ni òfin wí, kọ́ńtírà oṣù mẹ́wàá jẹ́ ogún ọjọ́. Wọ́n á ní ìsinmi Kérésì àti ti Àjíǹde ti bò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí kọ́ńtírà ti sọ bẹ́ẹ̀ hàn yín. Ohùn wọn máa ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ti ilé, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n: ẹ sọ fún onílé ṣáájú bí àdéhùn ṣe wí, ẹ jọ wo ilé náà yípo, ẹ san iná àti omi tán, ẹ gba ìdógò yín. Òfin ọdún 2018 kò gbà kí ìdógò ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ, nítorí náà ẹni tó bá gba mẹ́fà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ń wọlé kò lẹ́nu láti fi ọ̀dà ilẹ̀kùn yọ owó.

Ó wá ku bọ́dà Ìgólò sí Ìdìròkò. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ọmọ ECOWAS lè gbé ní Benin láìní ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá lo ọdún kan gbọ́dọ̀ ní ìwé náà, tí wọ́n ń pè ní carte de séjour, kó sì mú un dání lọ́jọ́ tó ń lọ, kó má fi í sísàlẹ̀ ẹrù. Ẹ kọ ẹrù yín sílẹ̀ lórí bébà kan ní Faransé, ohun tí ẹ ti lò tẹ́lẹ̀ lọ́tọ̀, ohun tó ṣì wà nínú páálí lọ́tọ̀. Ohun inú páálí ni kọ́sítọ̀ọ̀mù ń wá. Ẹ yọ gbogbo owó orí fóònù kí ẹ tó kúrò láàárín ìlú, nítorí káàdì Benin lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lódìkejì. Owó bébà nìkan ni kí ẹ gbé dé bọ́dà. Àwọn tó ń ṣẹ́ńjì owó kì í fẹ́ gba ẹyọ sẹ́fà, bí wọ́n bá sì gbà á, ìdajì ni wọ́n á fún yín.