Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́ tó jẹ N24,000 mi

Ẹ wò ó, N24,000 ni mo ná sórí kẹ̀kẹ́ onígi tí kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, torí pùrójẹ́ẹ̀tì ọmọ, níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe nǹkan ìrìnnà ayé àtijọ́. Èmi náà ni mo fẹnu ara mi sọ pé kí ni wàhálà ńbẹ̀, ṣebí igi la máa gé.

Káfíńtà àdúgbò wa gé ìtì igi bí ẹni gé iṣu, ó lu ihò sí i láàárín, ó gbowó. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí igi ti gbẹ, ó sán láti àárín dé etí. Ìgbà yẹn ni mo wá ń ka ohun tó yẹ kí n ti kà tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n rí ní 2002 nínú àbàtà lẹ́bàá Ljubljana ní Slovenia, tó ti lé ní 5,000 ọdún, kì í ṣe ìtì rárá, pákó igi ash méjì ni wọ́n to pọ̀, tí wọ́n fi igi oak pẹlẹbẹ mẹ́rin dè. A ṣe tiwa bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò le.

Ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ló sọ mí di oníjà. Mo ní kí ó lu ihò róbótó kí ẹsẹ̀ lè máa yí lórí ọ̀pá bíi ti ọmọlanke. Ó lù ú, ó fún jù, kò yí. Ó fá a, ó wá fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé ẹ̀. Ó ní "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kàn kan ìṣó sí i." Ìṣó kẹ̀? Ó fi páálí dí i, ó já bọ́, ó fi gírísì kùn ún, ó tún burú sí i. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, owó sì ń gorí owó!

Nígbà tí mo padà wo àwòrán ti Slovenia yẹn, ojú tì mí. Ihò onígun mẹ́rin ló wà lára ẹ̀! Ẹsẹ̀ ò dá yí. Wọ́n ki orí ọ̀pá bọ̀ ọ́, wọ́n fi ègé igi oak há a pinpin, ọ̀pá àtẹsẹ̀ wá jọ ń yí lábẹ́ kẹ̀kẹ́. Èmi fúnra mi ni mo há tiwa, ó dúró digbí, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé e, mo fà á láti kíṣìnnì dé pálọ̀, inú mi dùn bí ọmọdé. Kó yà ní kọ́nà nìkan ni kò fẹ́, torí ẹsẹ̀ tó wà níta ló yẹ kó rìn jù, àmọ́ iye kan náà làwọn méjèèjì ń yí, ọ̀kan á wá máa wọ́ nílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ọ̀pá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú, kẹ́ ẹ sì dá iye lé iṣẹ́ káfíńtà kó tó fọwọ́ kan ayùn.

Tíṣà fún ọmọ mi ní 6 nínú 10. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀ há mọ́ ọ̀pá, kò dá yí. Mọ́ńdè ni mò ń lọ bá wọn, tèmi tàwòrán lọ́wọ́.