Bí ẹ ó ṣe ka èsì ìbò aṣòfin Kúbà

Ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó wọlé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2023, olùdíje 470 ló jáde fún ìjókòó 470, gbogbo wọn ló sì wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ká ìwé ìròyìn kò. Ibẹ̀ lèmi ti máa ń fa bírò yọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ìwé ìbò wọn ṣe rí. Orúkọ àwọn olùdíje àdúgbò náà ló wà níbẹ̀, èèyàn lè fàmì sí ẹni tó wù ú. Àmọ́ àmì róbótó kan wà fún ẹni tó bá fẹ́ gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: “voto unido” (ìbò ìṣọ̀kan) ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ìjọba máa ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n tẹ̀ lé. Kò sí àyè tí wọ́n kọ “rárá” sí. Ẹni tí kò bá fẹ́, àfi kó jù ú sínú àpótí lófìfo, kó bà á jẹ́, tàbí kó jókòó sílé. (Àwọn ọmọ iléèwé ló ń ṣọ́ àpótí ìbò níbẹ̀. Ìyẹn wù mí, kí n má parọ́.)

Ó wá kan ìṣirò. Wọ́n kéde pé ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ló dìbò fún gbogbo wọn pọ̀. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi pín in: ìbò tí wọ́n kà sí ojúlówó nìkan. Ẹ mú 100 èèyàn nínú ìwé olùdìbò. Bíi 76 ló jáde. Nínú ìwé ìbò wọn, bíi 7 ló ṣófo tàbí tó bàjẹ́. Ẹ wá ìdá 72 nínú èyí tó kù, kò lé ní 50.

Ẹ fi wé ti àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú: àwọn tó jáde lé ní ìdá 85 lọ́dún 2018. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í sọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo tí òfin gbà níbẹ̀, kì í fa olùdíje kalẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti obìnrin, ti àgbẹ̀ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀ ló ń to orúkọ. Àwọn alátakò kì í rí ibẹ̀ kọjá.

Lóṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn aṣòfin náà yan ààrẹ: Miguel Díaz-Canel gba ìbò 459 nínú 462. Ẹ má fi bírò yín ṣòfò lórí ìyẹn.