Bí Ọmọ Ṣe Ń Jogún Oríṣi Ẹ̀jẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Àgbẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ ti rí i rí: ẹ gbin àgbàdo funfun, aládùúgbò gbin pupa sí ẹ̀gbẹ́ oko yín. Nígbà tí ẹ máa bó o, hóró pupa ti wà láàárín funfun lórí ṣùkù kan náà. Ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ irúgbìn yín. Afẹ́fẹ́ ló gbé ìyẹ̀fun orí òdòdó àgbàdo pupa wá sórí irun àgbàdo yín. Hóró kọ̀ọ̀kan ló ní ìyá, tó sì ní bàbá. Níbi tí pupa bá ti pàdé funfun, pupa ló ń hàn; funfun náà wà níbẹ̀, ó fara pamọ́ ni.

Bí ti ẹ̀jẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Dókítà Karl Landsteiner ní ìlú Vienna ló fi hàn ní 1901 pé ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn kò rí bákan náà. Lónìí a mọ A, B, AB àti O. Ìpín méjì ni olúkúlùkù jogún, ọ̀kan láti ara ìyá, ọ̀kan láti ara bàbá. A àti B dà bí àgbàdo pupa, O dà bí funfun. Ẹni tó jogún A àti O, A ni wọ́n máa kọ sínú káàdì rẹ̀. A àti B kì í borí ara wọn; ẹni tó bá gba méjèèjì ló ń jẹ́ AB. Kí O tó hàn, àfi kí ìpín méjèèjì jẹ́ O.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé ó ti tú ilé ká. Bàbá jẹ́ A, ìyá jẹ́ B, ọmọ wá jẹ́ O, ni àwọn ẹbí ọkọ bá ní ọmọ àlè ni. Rárá o! Bí O bá fara pamọ́ lára bàbá, tó sì fara pamọ́ lára ìyá, oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè jáde lára àwọn ọmọ wọn. Òótọ́ ni pé O àti O kì í sábà bí A tàbí B, AB àti O kì í sì sábà bí O. Síbẹ̀, àṣìṣe àyẹ̀wò wà, ohun tó ṣọ̀wọ́n náà sì ń ṣẹlẹ̀. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe níbòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dójú ẹ̀, àyẹ̀wò DNA la fi ń mọ bàbá ọmọ. Ẹ má lé obìnrin jáde nítorí káàdì ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má sì da èyí pọ̀ mọ́ jínótáìpù. Bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè jínótáìpù wọn, ọ̀pọ̀ a ní "O pọ́sítíìfù". Ìyẹn kọ́. AA, AS, AC, SS ni ti jínótáìpù, òun ló sì kan àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS, ìyẹn ọmọ tó ní àìsàn náà. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí: kì í ṣe pé bí ẹ bá ti bí SS kan, mẹ́ta tó kù ti bọ́. AS àti AC náà lè bí SC, àìsàn kan náà ni. Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti ra aṣọ ẹbí. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn baba wa sọ ní Málọmọ́ àti Dúrójayé jẹ́ SS tí kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ó ku pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn lẹ́tà ẹ̀jẹ̀. Pọ́sítíìfù ló ń borí, nítorí náà òbí méjì tó jẹ́ pọ́sítíìfù lè bí nẹ́gétíìfù. Ìyá tó jẹ́ nẹ́gétíìfù ni kó fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí ọmọ inú rẹ̀ bá gba pọ́sítíìfù lọ́dọ̀ bàbá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè kán sínú tìyá nígbà ìbímọ, ara ìyá á sì kó ogun jọ dè é. Àkọ́bí sábà máa ń yè. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ogun náà ń bá jà: ẹ̀jẹ̀ wọn á gbẹ, ojú wọn á pọ́n bí òrom̀bó, òmíràn a kú sínú. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dènà rẹ̀, anti-D ni wọ́n ń pè é. Wọ́n sábà máa ń fún aboyún ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, wọ́n á tún fún un láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ bí ọmọ bá jẹ́ pọ́sítíìfù. Bí oyún bá bàjẹ́, ẹ béèrè fún un pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ilé agbẹ̀bí lẹ bímọ sí, ẹ gbé ìyá àti ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sì mú káàdì dání.