Ìbọn Rọ́ṣíà mi ń kọ̀, ẹ wo ibi tí mo ti rí wàhálà ẹ̀

Ìbọn àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ mi ní Texas níbí, Mosin-Nagant 91/30, Izhevsk ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1938, ó wúwo tó kílò 4, ọta 5 ló ń gbà. Nígbà kan wọ́n ń tà á tí ò tó 100 dọ́là, ìgbà tó ti wọ́n tán lèmi wá ra tèmi lọ́wọ́ ará àdúgbò kan, ó sì tún wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Màá fa tírígà, màá gbọ́ "kà", kò ní dún. Tí mo bá ki ọta 10, bíi 4 ló máa kọ̀. Ibi tó yẹ kéèyàn ti fara balẹ̀ gan-an nìyẹn o, torí ọta míì máa ń ro ó kó tó dún, tó o bá sáré ṣí bọ́ọ̀tì (irin tá a máa ń fà, tó ń dí ìdí ìbọn), ojú ẹ ló máa dún sí. Mi ò gbé ẹnu ìbọn kúrò lójú àmì, mo ka 30 sẹ́kọ́ńdì kí n tó ṣí i.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní pápá ìyìnbọn ní ọta mi ló ti darúgbó, torí ọta ológun àtijọ́ tí wọ́n dé sínú agolo ni. Ọkùnrin míì tó ní irú ìbọn tèmi wá gba 5 lọ́wọ́ mi, gbogbo ẹ̀ ló dún. Ìgbà yẹn ni mo wá ṣa àwọn tó kọ̀ jọ, mo wo ìdí wọn. Èyí tó ti dún, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ìbọn (irin ṣóńṣó inú bọ́ọ̀tì tó ń lu ìdí ọta kó lè dún) ti lù ú jìn dáadáa, èyí tó kọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni fi èékánná tẹ ọṣẹ. Mo ki 4 yẹn padà, 3 dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti yé mi pé abẹ́rẹ́ ò lù ú tó. Nǹkan míì tó tún ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé àárọ̀ tí òtútù bá mú ló máa ń kọ̀ jù, tó bá di ọ̀sán tí oòrùn ti ràn díẹ̀, á tún máa ṣe dáadáa.

Mo fi fóònù ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi tó ń ṣọdẹ ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ṣé o ti bọ Ògún ni?" Lẹ́yìn yẹn ni wọ́n wá ní, ní ti ṣakabùlà, tí kì í bá ṣe ẹ̀tù ló tutù, òòlù ẹ̀ ni nǹkan dì mú, kí n lọ wo ohun tó dì í mú.

Bí mo ṣe délé, mo rí i pé kò sí ọta kankan nínú ẹ̀, mo yọ bọ́ọ̀tì. Èyí tó wù mí nínú ìbọn yìí ni pé ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń tú u: fa ìdí bọ́ọ̀tì sẹ́yìn, yí i sápá òsì, orí ẹ̀ á bọ́, kó o wá gbé ẹnu abẹ́rẹ́ lé orí pákó, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó o máa yí ìdí ẹ̀ títí táá fi jáde. Mi ò dì í mú dáadáa, sìpíríǹgì fò wọ abẹ́ fíríìjì. Inú bọ́ọ̀tì yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Gíríìsì tí wọ́n fi tọ́jú ìbọn nígbà yẹn, cosmoline, ti dì síbẹ̀ bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò, inú ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń wọ́ kọjá, ẹ ò rí i pé òtútù á tún mú un le sí i. Omi gbígbóná ni mo kọ́kọ́ rì í sí (ìkòkò tí mo lò, ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ mọ̀), mo wá fi kẹrosíìnì fọ èyí tó kù níta, mo nù ún gbẹ, epo díẹ̀ báyìí ni mo fi pa á.

Mo padà lọ sí pápá, mo yin 20, 2 ṣì kọ̀. Inú bí mi débi pé mo ti ra sìpíríǹgì tuntun kí n tó rántí irin pẹlẹbẹ tó bá ìbọn náà wá. Ojú méjì ni wọ́n gé sí i lára, wọ́n kọ 75 sí ọ̀kan, 95 sí èkejì. Tí bọ́ọ̀tì bá wà ní àìkọ́, ìyẹn tí abẹ́rẹ́ ti wà síwájú bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kan 75, kó má sì kan 95, ìyẹn ni pé kó yọ síta láàárín 1.9 àti 2.4 mílímítà. Tèmi ò dé 75 rárá. Ẹni tó tú u kó tó dọ́wọ́ mi ló ti yí abẹ́rẹ́ wọnú ìdí bọ́ọ̀tì jù. Ààbọ̀ ìyípo ni mo yí i padà, torí ilà tó wà nídìí abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ bá ilà ìdí bọ́ọ̀tì mu, ló bá kan 75, kò sì kan 95. Ẹ má ṣe é kọjá 95 o, abẹ́rẹ́ lè dá ìdí ọta lu, kí gáàsì gbígbóná wá fẹ́ yín lójú.

Àárọ̀ Sátidé tó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo yin 40, gbogbo ẹ̀ dún. Mo fi omi gbígbóná fọ inú ẹ̀ kí n tó fi epo sí i, torí ọta àtijọ́ wọ̀nyẹn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ìbọn, ìpẹta ló máa ń fà. Sìpíríǹgì tuntun ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀.

Mo fi fídíò ránṣẹ́ sí Bàbá ọdẹ. Wọ́n ní ó dún dáadáa, kí ni mo pa? Mo ní pépà ni mo yìn. Wọn ò tíì fèsì.