Ìdí Tí Ọ̀fun Fi Ń Dá Tòlótòló Lẹ́yìn Tí Ikùn Ti Yó

Ẹni tó jẹ iyán yó bámúbámú ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, tí ọ̀fun rẹ̀ tún ń dá tòlótòló nítorí puff-puff, ebi kọ́ ló ń pa á. Ọpọlọ ló ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, àwọn èròjà tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé iṣẹ́ náà.

Ọ̀kan jọ èròjà inú igbó tí wọ́n ń mu. Ọdún 1992 ni wọ́n rí i, anandamide lorúkọ rẹ̀. Bí ikùn bá ṣófo, ó ń pọ̀ sí i, á lọ lẹ̀ mọ́ ibi kan lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní CB1, oúnjẹ á sì máa wu ènìyàn. Leptin tí ọ̀rá ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú anandamide rọlẹ̀. THC inú igbó ń lẹ̀ mọ́ CB1 yìí kan náà, ìyẹn ni amugbó fi ń jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu.

Wọ́n ti ṣe oògùn tó ń dí CB1 rí, rimonabant. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2006. Àwọn tó lò ó fọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti èrò àtipa ara ẹni wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n dá a dúró ní 2008. CB1 kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Ẹni tó bá ń ta oògùn tó ń lé ebi fún yín lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀.

Endorphin àti enkephalin, èròjà ara tó jọ oògùn apàrora líle, ni ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn ló ń jẹ́ kí adùn àti òróró dùn kọjá bó ṣe yẹ, bí ikùn tilẹ̀ ti yó. Nítorí náà, ẹ má gbé ohun dídùn síbi tójú ti ń rí i. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀wà, ẹja tàbí wàrà inú ọbẹ̀ (kì í ṣe dídín) pẹ̀lú ẹ̀fọ́, kí ẹ tó kan ẹ̀bà. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó bù sí i.

Tramadol, oògùn apàrora táwọn kan ń lò láti kọ ebè, ń lọ síbi tí endorphin ń lọ, ṣùgbọ́n èébì, òòyì àti inú kíkún ló ń fà, oúnjẹ á sì máa sú ènìyàn. Ó tún lè fa gìrì. Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ já a dúró lójijì: ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tàbí UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn ikùn, láàrin egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti egungun ìbàdí: bí ó bá ju 94 cm lọ fún ọkùnrin, tàbí 80 cm fún obìnrin, ó yẹ kí ẹ dín in kù. Ẹni 70 kg tó bá fọn tó 3.5 kg láàrin oṣù 6 láìmọ̀ọ́mọ̀, kí ó lọ rí dókítà.