Ìbọn afẹ́fẹ́ àtijọ́: ibi tí àwọn tó ń rà á ti máa ń ṣàṣìṣe

Ìbọn afẹ́fẹ́ tó ti wà nílé láti ayé àwọn bàbá wa, kì í ṣe ogbó ló sábà ń pa á. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ló ń pa á. Wọ́n á gbé e jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, eruku bò ó, síbẹ̀ ó ṣì ń dún. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti fi sáńpépà fá a, wọ́n ti bu ẹ́ńjìn ọ́ìlì sí i, wọ́n ti tú u palẹ̀, ó ti di àkójọ irin nínú ike lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ níbí.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó burú jù lọ kò sí lára ìbọn rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, ohun ìṣeré ni. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kó tó ní in. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 kò lè gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa àti ọ̀mùtí. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìníwèé, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn ₦20,000, tàbí méjèèjì pa pọ̀, ni òfin là kalẹ̀ fún un. Ẹ má wo ₦20,000 yẹn kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa yan èyí tí adájọ́ máa mú.

“Bàbá mi ló ni ín” kì í ṣe ìdáhùn. Orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé, bàbá sì ti lọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá kí ẹ tó na kọ́bọ̀ kan, ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á fi ìwé tirẹ̀ hàn yín. Bó bá sọ pé ìwé ń bọ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ní ti àwọn tó ń retí èyí tó máa bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé, ẹ rántí pé ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́ ló ṣíwájú nínú àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kó wọlé rárá. (Lẹ́tà A tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e síwájú, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀.)

Tí ọ̀rọ̀ ìwé bá ti tán, ẹ má jẹ́ kí dídán ìbọn tàn yín. Orúkọ tó wà lára irin ni kí ẹ wò. Iléeṣẹ́ Diana, tó ń ṣe ìbọn afẹ́fẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Rastatt ní Jámánì ní 1890. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Scotland, iléeṣẹ́ Milbro níbẹ̀ sì fi ṣe ìbọn tí òun náà ń jẹ́ Diana. Nítorí náà Diana méjì lè wà nílẹ̀ kí wáṣà ọ̀kan, ìyẹn òrùka tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ inú, má wọ èkejì. Ẹ di ọ̀pá ìbọn mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì níbi tó ti ń ṣẹ́, ìyẹn oríkèé tí a ti ń tẹ ọ̀pá wálẹ̀ láti ki ọta, ibẹ̀ ti jẹ. Ẹ wo igi rẹ̀ lẹ́yìn tírígà, ibẹ̀ ló máa ń là. Ẹ gbé tíṣù pẹlẹbẹ lé oríkèé tó ti ń ṣẹ́, kí ẹni tó ni ín yìn ín síbi tí kò séwu. Bí tíṣù bá fò, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Òrùka awọ tàbí rọ́bà kékeré ló sábà ń fà á, ìyẹn kò tó nǹkan tó yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ sá.

Bí ìbọn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí a bá ṣẹ́ ọ̀pá wálẹ̀, písítìnì á fà sẹ́yìn, á tẹ sípíríǹgì pọ̀. Tí a bá fa tírígà, písítìnì á já síwájú, á fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń lé ọta jáde. Ọta tó dí ọ̀nà díẹ̀ ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣe tìmùtìmù fún písítìnì. Ẹni tó bá ń fà á láìsí ọta, nítorí kó lè gbọ́ “pàà”, irin ló ń gbá mọ́ irin.

Òróró wá ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ lójijì máa ń gbóná gan-an, òróró tó bá sì wà níwájú písítìnì á gbiná. Ohun kan náà ló ń mú dísẹ́ẹ̀lì gbiná nínú ẹ́ńjìn tí kò ní púlọ́ọ̀gù. Ìbọn á dún gbàà, èéfín á yọ lẹ́nu rẹ̀, olówó rẹ̀ á máa yọ̀ pé ó ti lágbára sí i. Agbára kọ́ o! Wáṣà ló ń jó, sípíríǹgì ló ń gba ìyà, láìpẹ́ á ṣẹ́. Wáṣà aláwọ tó ti gbẹ kò fẹ́ ju ìkán méjì-mẹ́ta òróró tí wọ́n fi ń rọ awọ, kí ìbọn wà lóòró mọ́jú. Tó bá jẹ́ oníke, òróró sílíkónì kíún ni. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ dára fún ara irin lóde, kò gbọdọ̀ dé inú. Àdí àti ẹ́ńjìn ọ́ìlì, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ má sì tú ẹ̀yìn rẹ̀ nílé. Sípíríǹgì yẹn wà ní fífún pọ̀ kódà nígbà tí ẹ kò tíì ṣẹ́ ìbọn. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò Ayétòrò fi itan méjèèjì há tirẹ̀, ó yọ ìdè tó gbẹ̀yìn. Irin ìdí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó sì dá ihò sí sílíǹ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi kíráǹpù gígùn dì í kí wọ́n tó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òfin tún béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tún ìbọn ṣe, nítorí náà wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà kọ́ ni ẹ máa gbé e fún, pàápàá èyí tó bá ní òun máa gé sípíríǹgì ọ̀kadà sí i.

Ọta rẹ̀, òjé ni, 4.5 tàbí 5.5 mìlímítà. Báálì kẹ̀kẹ́ ń ha inú ọ̀pá, ó sì ń ta padà sójú èèyàn. Òjé ní májèlé, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Nígbà tí ẹ bá ń ki ọta, kí ọwọ́ kejì di ọ̀pá mú gírígírí, nítorí tírígà tó bá ṣèèṣì fà nígbà náà lè gé ìka.

Ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kí irin sinmi ní Ẹ̀pẹ́, ó ń dógùn-ún kíá. Kànìnkànìn onírin tó kúná jù pẹ̀lú òróró tó. Ẹni tó bá fi sáńpépà fá a, tó wá fi kíkùn ọkọ̀ kùn ún, ti pa orúkọ, ọdún àti nọ́ńbà rẹ́. Nọ́ńbà tó ti parẹ́ kò lè bá ti inú ìwé mu, ìyẹn sì nira láti ṣàlàyé fún ọlọ́pàá.

Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà ní gbangba láti Ìkòròdú wá sí Ẹ̀pẹ́. Láti ọ̀nà jíjìn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Àpò gígùn tó bo gbogbo rẹ̀ ni kó wà, ọta lọ́tọ̀, ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín.